Bí ẹ ṣe lè tọ́jú private key àwọn oníbàárà yín, kí ẹ sì máa buwọ́ lu transaction fún wọn

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan tó ń ta léèsì ní Balógun fẹ́ sanwó fún ẹni tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí i láti Guangzhou. Kò ní àyè àtikọ ọ̀rọ̀ 24 tí wọ́n fi ń gba wálẹ́ẹ̀tì padà sínú ìwé, kò sì bìkítà bóyá orí nẹ́tíwọ̀kì Tron ni owó náà gbà tàbí orí ti Ethereum. Ó fẹ́ tẹ iye owó, kó fi ìka kan fóònù rẹ̀, kí USDT, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹyọ kan rẹ̀ dúró fún dọ́là kan, dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ lówó. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí Yábàá tí ẹ kọ áàpù náà fún un, ọwọ́ yín ni private key rẹ̀ máa wà. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ yìí nìkan sì ni blockchain, ìyẹn àkọsílẹ̀ owó tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, mọ̀. Ẹni tó bá ti fi í buwọ́lù, òun ló ni owó.

Alájọ lẹ dà yẹn. Àmọ́ alájọ tó bá na owó ọlọ́jà, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ àwọn ẹbí rẹ̀. Owó tó bá jáde lórí blockchain kò ní báńkì tí a lè sáré lọ bá ní Marina pé kó bá wa dá a dúró. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ka ohun tí mo kọ síbí pẹ̀lú sùúrù.

Ohun kan ni mo fẹ́ kó dúró sí yín lọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ: kọ́kọ́rọ́ lè wà ní ìpamọ́ tó dáa, kí owó ṣì lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2025, nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là bọ́ lọ́wọ́ Bybit, ilé iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ crypto kan. Kò sẹ́ni tó jí kọ́kọ́rọ́ àwọn ọ̀gá tó ń buwọ́lù níbẹ̀. Ojú-ewé tí wọ́n fi ń wo ohun tí wọ́n fẹ́ buwọ́ lù ni olè yí padà. Wọ́n rí ìfowóránṣẹ́ tó jọ ti ojoojúmọ́, wọ́n buwọ́ lù ú, àṣẹ lórí wálẹ́ẹ̀tì náà sì bọ́ sọ́wọ́ olè. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló wà níwájú yín: ẹ ó pa kọ́kọ́rọ́ mọ́, ẹ ó sì máa ṣọ́ ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń buwọ́ lù. Ìkejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fún ní àkókò, òun ni mo sì máa pẹ́ lé lórí jù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ṣé dandan ni kó wà lọ́wọ́ yín?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú fóònù oníbàárà fúnra rẹ̀. Ìlànà ERC-4337, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Ethereum ní oṣù kẹta ọdún 2023, jẹ́ kí àkáǹtì jẹ́ smart contract, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí blockchain, tó fi jẹ́ pé ẹni tí fóònù rẹ̀ bá sọnù lè gba àkáǹtì rẹ̀ padà láìní ọ̀rọ̀ 24 kankan. Ẹ sì lè gbé ìtọ́jú náà fún ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ fún un. Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ dì í mú fúnra yín. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé bí ẹ kò bá ní èèyàn mẹ́ta, ó kéré tán, tí ẹ lè pè láàárín òru, tí wọ́n á dìde, tí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, kí ẹ mú ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Ẹ wo òfin pẹ̀lú. Lọ́jọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2021, CBN, báńkì àpapọ̀ wa, pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò crypto. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó yí i padà, ó sì gbé ìlànà jáde lórí bí báńkì á ṣe máa ṣí àkáǹtì fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin Investments and Securities Act ti ọdún 2025 wá fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ àjọ SEC, tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò. Ẹ rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin yìí kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ṣíṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́

Private key ti Bitcoin àti ti Ethereum jẹ́ nọ́ńbà kan tó gùn tó 256 bit. Gbogbo agbára rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè méfò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó yan nọ́ńbà náà bá yàn án láàárín nọ́ńbà díẹ̀, olè á kà wọ́n tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣe Wintermute, ilé iṣẹ́ tó ń ṣòwò crypto, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 nìyẹn: orí nọ́ńbà 32 bit péré ni Profanity, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ṣẹ̀dá àdírẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀, nǹkan bíi 160 mílíọ̀nù dọ́là sì lọ.

Ẹ lo nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ tí operating system ń pèsè fún iṣẹ́ àṣírí, tàbí kí ẹ jẹ́ kí HSM ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ náà, ìyẹn ẹ̀rọ àkànṣe tí kọ́kọ́rọ́ kì í jáde nínú rẹ̀. Ẹ má lo Math.random ti JavaScript, tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé méfò, láéláé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ronú ọ̀rọ̀ 12 jáde láti orí ara rẹ̀, kí orí rẹ̀ pé bí alájọ Ṣómólú pàápàá.

Oníbàárà púpọ̀ kò túmọ̀ sí ìpamọ́ púpọ̀. BIP-32, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà Bitcoin, jẹ́ kí gbòǹgbò kan ṣoṣo bí iye kọ́kọ́rọ́ tí a bá fẹ́. BIP-39 ló jẹ́ ká lè kọ gbòǹgbò náà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24, láti inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2048. BIP-44 ló ń tò wọ́n: m/44'/60'/0'/0/0 fún oníbàárà àkọ́kọ́ lórí Ethereum, kí 195 rọ́pò 60 fún Tron. Ẹ lè gbé xpub, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ gbangba àgbà, sórí sáfà kó máa pèsè àdírẹ́sì tuntun láìmọ private key kankan.

Àmọ́ ewu kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ẹni tó bá ní xpub, tó tún rí private key ọmọ kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe hardened (èyí tí xpub kò lè bí), lè fi ìṣirò lásán gba private key ìyá. Bí oníbàárà kan bá bẹ̀ yín pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní private key mi”, tí ẹ fún un, tí xpub yín sì ti jò síta, gbogbo oníbàárà yòókù ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá kó méjèèjì jọ. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò, ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí wálẹ́ẹ̀tì tó bá júwe fún yín.

Ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa gbé

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Kò gbọdọ̀ sí nínú fáìlì .env. Kò gbọdọ̀ sí nínú Git, bí ẹ tilẹ̀ pa á rẹ́ lẹ́yìn náà, torí Git kì í gbàgbé. Kò gbọdọ̀ gba WhatsApp kọjá. Kò gbọdọ̀ sí lórí laptop tí ẹnì kan lè gbé lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà láti pààrọ̀ ojú rẹ̀, tí yóò sì fi páásíwọọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀ fún alátùn-únṣe kó lè dán an wò. Kò sì gbọdọ̀ bọ́ sínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, nígbà tí wọ́n kó owó inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wálẹ́ẹ̀tì lórí Solana, wọ́n rí i pé áàpù Slope ti ń fi seed phrase (ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 yẹn) àwọn oníbàárà ránṣẹ́ ní gbangba sí sáfà tí wọ́n fi ń ṣọ́ àṣìṣe kóòdù.

Ibi tó yẹ ẹ́ ni HSM tàbí KMS, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú kọ́kọ́rọ́ tí ilé iṣẹ́ cloud ń pèsè. AWS KMS mọ secp256k1, ìṣirò tí Bitcoin àti Ethereum ń lò. Ẹ ó fi hash, ìyẹn nọ́ńbà àkékúrú tó dúró fún ohun tí ẹ fẹ́ buwọ́ lù, ránṣẹ́ sí i, á dá ìbuwọ́lù padà, kọ́kọ́rọ́ kò ní kúrò níbi tó wà. Ohun méjì ló máa ń da ẹni tó kọ́kọ́ lò ó láàmú. Ìbuwọ́lù náà ń wá ní ìrísí DER, ẹ ó sì tú r àti s, nọ́ńbà méjì tó para pọ̀ di ìbuwọ́lù, jáde nínú rẹ̀. Bí s bá ju ìdajì n lọ, n tó jẹ́ order ìṣirò náà, Ethereum kò ní gbà á, torí náà ẹ yọ s kúrò lára n, kí ẹ lo ohun tó ṣẹ́kù. KMS kì í sì í fún yín ní v, nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí kọ́kọ́rọ́ gbangba tó bá ìbuwọ́lù mu. Ẹ dán 0 àti 1 wò, kí ẹ mú èyí tó bá bí àdírẹ́sì tiyín.

MPC tún wà. A pín agbára ìbuwọ́lù sí ẹ̀rọ mẹ́ta, bí àpẹẹrẹ, kí méjì máa jùmọ̀ buwọ́lù láì jẹ́ pé odindi kọ́kọ́rọ́ pàdé níbì kankan. Ẹ má ṣe ka Shamir, ọgbọ́n ọdún 1979 tó ń pín àṣírí sí wẹ́wẹ́, sí ohun kan náà, torí ìyẹn gbọ́dọ̀ kó odindi kọ́kọ́rọ́ jọ sójú kan kó tó wúlò. Shamir dáa fún ẹ̀dà ìpamọ́, kò dáa fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ má sì kọ kóòdù MPC fúnra yín. Ní 2023, àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ Fireblocks fi hàn pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó lo GG18 àti GG20, ìlànà MPC méjì, ní àlàfo tó lè tú odindi kọ́kọ́rọ́ síta.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, KMS kì í béèrè pé kí ni hash yìí jẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àṣẹ àtipè é, yóò buwọ́lù fún un. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Abuwọ́lù

Ẹ kọ ètò kan lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní abuwọ́lù. Kó wà lórí sáfà tirẹ̀, kó jẹ́ òun nìkan ló ní àṣẹ àtipe KMS, kó má sì ní ìlẹ̀kùn kankan tó ṣí sí íntánẹ́ẹ̀tì. API yín, ẹnu ọ̀nà tí áàpù ń gbà bá sáfà sọ̀rọ̀, ni yóò máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀. API á to ìbéèrè sórí ìlà, abuwọ́lù á mú un níbẹ̀.

Èrò oníbàárà ni API máa fi ránṣẹ́: ta ni, iye wo, owó wo lórí nẹ́tíwọ̀kì wo, sí àdírẹ́sì wo. Kò gbọdọ̀ fi hash ránṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ fi transaction, ìyẹn àṣẹ ìfowóránṣẹ́, tí wọ́n ti tò tán ránṣẹ́. Abuwọ́lù ni yóò to transaction náà fúnra rẹ̀ láti inú èrò yẹn, tí yóò ṣírò hash rẹ̀. Nígbà náà, bí olè bá tilẹ̀ gba API yín pátápátá, kò lè béèrè ju ohun tí abuwọ́lù mọ̀ ọ́n ṣe lọ.

Kí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe sì kéré. Áàpù ìyá aláṣọ wa nílò transfer nìkan, tí àmì rẹ̀ nínú data jẹ́ 0xa9059cbb. Kò nílò approve, kò nílò permit, kò nílò delegatecall, tí wọ́n lè fi owó tàbí àṣẹ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohunkóhun tí kò bá sí nínú ohun tí ẹ kọ́ ọ, kó kọ̀ ọ́. Àdírẹ́sì contract USDT lórí nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú abuwọ́lù fúnra rẹ̀, kó má gbà á lọ́wọ́ API. Iye decimal, ìyẹn iye òǹkà lẹ́yìn àmì ìdá, pẹ̀lú: USDT ní 6 lórí Ethereum àti Tron, ó ní 18 lórí BNB Chain. Ẹni tó bá fi 18 ṣírò ohun tó yẹ kó fi 6 ṣírò ti fi òdo 12 kún owó. Kí chain ID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ nẹ́tíwọ̀kì, wà nínú ohun tó ń buwọ́ lù, bí EIP-155 ṣe là á sílẹ̀ lẹ́yìn tí Ethereum pín sí méjì ní 2016, kí ẹnì kan má bàa gbé ìbuwọ́lù orí nẹ́tíwọ̀kì kan lọ lò lórí òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí pé oníbàárà ló sọ ọ́ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ áàpù ń jẹ́ kí API yẹ PIN wò, kó wá sọ fún abuwọ́lù pé “mo ti yẹ̀ ẹ́ wò”. Ẹni tó bá gba API lè sọ gbólóhùn yẹn náà. Ẹ lo passkey: fóònù oníbàárà ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tí ìka rẹ̀ ń ṣí. Kí áàpù kó iye owó, àdírẹ́sì, nẹ́tíwọ̀kì àti nọ́ńbà ìbéèrè pọ̀, kó ṣírò hash wọn, kí passkey buwọ́ lu hash yẹn. Kí abuwọ́lù fúnra rẹ̀ wá yẹ ìbuwọ́lù náà wò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ gbangba tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ látọjọ́ tí oníbàárà forúkọ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá yí àdírẹ́sì padà lójú ọ̀nà, ẹ̀rí náà kò ní bá a mu mọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kóòdù inú SMS, torí ẹni tó bá ti fi ọgbọ́n gba SIM oníbàárà ti gba SMS rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pààrọ̀ passkey, kí abuwọ́lù má jẹ́ kí owó jáde nínú àkáǹtì náà fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì pe oníbàárà lórí fóònù.

Inú abuwọ́lù náà ni òdiwọ̀n ń gbé: iye tí oníbàárà kan lè rán lójúmọ́, iye tí gbogbo áàpù lè rán ní wákàtí kan. Bí database tó ń ka òdiwọ̀n kò bá dáhùn, abuwọ́lù kò gbọdọ̀ buwọ́lù. Ẹnì kan á bẹ̀ yín lọ́jọ́ kan pé kí ẹ ṣí i fúngbà díẹ̀ nítorí oníbàárà ńlá kan. Ẹ má gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì tún kù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ẹnì kan fi WBTC (Bitcoin tó ń rìn lórí Ethereum) 1,155, tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 68 dọ́là, ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì olè tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ jọ èyí tó fẹ́ san owó sí. Olè á ṣe àdírẹ́sì tó jọ ti ẹni tí ẹ máa ń sanwó fún, á fi owó tíńtín ránṣẹ́ kí àdírẹ́sì náà lè wọ inú ìtàn àkáǹtì yín, á wá dúró de ọjọ́ tí ẹ máa dà á kọ. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà yín fi orúkọ pa àdírẹ́sì mọ́, kó máa yan orúkọ. Kí àdírẹ́sì tuntun dúró fún wákàtí díẹ̀ kí owó ńlá tó lè lọ síbẹ̀.

Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá já láàárín

Gbogbo wa l'Ékòó la mọ “owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín”. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun kan já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ ibi n'Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Èkó pẹ̀lú. Ẹ ro abuwọ́lù tó ti fi transaction ránṣẹ́ nírú àsìkò yẹn, tí èsì kò dé. Ṣé ó lọ ni, àbí kò lọ? Ètò tí wọn kò kọ dáadáa á gbà pé kò lọ, á to òmíràn, á sì sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Owó kejì ti di ti ẹni tó gbà á, àfi tó bá wù ú láti dá a padà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti inú fóònù oníbàárà, kí database má sì gba nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì. Kí abuwọ́lù yan nonce, ìyẹn nọ́ńbà ìtẹ̀léra transaction àdírẹ́sì náà, kó buwọ́lù, kó kọ gbogbo byte transaction náà sínú database, lẹ́yìn náà ni kó tó fi í ránṣẹ́. Bí èsì kò bá dé, byte kan náà yẹn ni kó tún rán, iye ìgbà tó bá gbà. Hash rẹ̀ kò yí padà, nonce rẹ̀ kò yí padà, Ethereum kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Nonce ń bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí 41 bá há, 42 àti 43 á jókòó dè é. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ètò méjì máa yan nonce fún àdírẹ́sì kan náà. Bí owó gas, ìyẹn owó iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, tí ẹ fi sí 41 bá kéré jù, ẹ to òmíràn pẹ̀lú nonce 41 kan náà, kí ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, kún maxFeePerGas àti maxPriorityFeePerGas, torí geth, ètò tí ọ̀pọ̀ sáfà Ethereum ń lò, kì í gba èyí tó bá dín sí i. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú méjèèjì ló máa wọlé.

Tron kò ní nonce, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló fẹ́ràn rẹ̀ fún USDT. Transaction rẹ̀ ní àkókò tí yóò kú, ó wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti tò ó. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dúró kí àkókò náà kọjá, ẹ wo àwọn block (ìdìpọ̀ transaction) tó ti fìdí múlẹ̀ bóyá hash náà wà níbẹ̀, kí ẹ tó to òmíràn. Ti Solana náà jọ ọ́: blockhash (hash block àìpẹ́) tí ẹ lò ń gbó lẹ́yìn block 150.

Ẹ má sì kọ “owó ti dé” sójú fóònù oníbàárà kó tó fìdí múlẹ̀. Lórí Ethereum, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 kí block tó di ohun tí kò ṣeé yí padà mọ́. Lórí Bitcoin, block 6 ni àṣà, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí kan.

Owó tó pọ̀, àti àwọn tó ń fọwọ́ sí i

Wálẹ́ẹ̀tì tí abuwọ́lù ń lò, ẹ má fi ju ohun tí àwọn oníbàárà yóò rán ní ọjọ́ kan sínú rẹ̀. Ìyókù wà níbi tí èèyàn mẹ́ta nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ ti buwọ́lù kó tó jáde, kálukú pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Kí wọ́n jìnnà síra wọn lóòótọ́. Ronin, nẹ́tíwọ̀kì eré Axie Infinity, ní kọ́kọ́rọ́ 9, márùn-ún ló gbọ́dọ̀ pé. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, olè rí márùn-ún náà gbà nítorí pé mẹ́rin wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí àṣẹ àtijọ́ kan sì tún jẹ́ kí ibẹ̀ lè gba ìbuwọ́lù karùn-ún. Owó tó lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ẹ má kó ẹ̀rọ mẹ́ta sínú dúrọ́ọ̀ kan ní ọ́fíìsì Yábàá. Kí ọ̀kan wà ní Erékùṣù, ọ̀kan n'Ìkẹjà, kí ọ̀kan tilẹ̀ wà n'Ìbàdàn. Ẹ sì fún ìfọwọ́sí ní àkókò tó bá ìlú wa mu: ẹni tó ní láti ti Lẹ́kí gba orí Third Mainland Bridge wá lọ́jọ́ Ẹtì kò lè dé láàárín wákàtí kan.

Ojú ẹ̀rọ ìbuwọ́lù ni kí wọ́n ti máa ka àdírẹ́sì àti iye owó, kí wọ́n má gba ti ojú laptop gbọ́. Bí ẹ̀rọ náà bá fi hash nìkan hàn wọ́n, kí wọ́n ṣírò hash náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò gba nǹkan kan láti ojú-ewé yẹn. Bí méjèèjì kò bá bára mu, wọn kò gbọdọ̀ buwọ́lù.

Ní ti ẹ̀dà ìpamọ́ gbòǹgbò: ẹ fín in sára irin, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi sí ibi méjì tí omi òjò kan náà kò lè dé. Kí ẹ sì fi í gba wálẹ́ẹ̀tì tó ṣófo padà ṣáájú kí owó oníbàárà tó wọlé.

Bí nǹkan bá bàjẹ́

Ẹnikẹ́ni nínú yín gbọ́dọ̀ lè dá abuwọ́lù dúró nígbàkígbà. Kí ó tó tún ṣí, kí èèyàn méjì fọwọ́ sí i.

Ẹ ti kọ ètò tó máa kó gbogbo owó lọ sí àdírẹ́sì tuntun sílẹ̀, kí ẹ sì ti dán an wò. Ibi tí ó máa ń há sí ni gas: àdírẹ́sì tí oníbàárà fi gba USDT lè má ní TRX (owó Tron) tàbí ETH (owó Ethereum) tí wọ́n fi ń san gas kankan nínú, owó inú rẹ̀ kò sì ní lè kúrò. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ máa kó owó kúrò ní àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyẹn lójoojúmọ́, kí ewu tó dé.

Bó bá jẹ́ USDT ni wọ́n jí, ẹ kọ̀wé sí Tether, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe USDT, lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú hash transaction, kí ẹ sì lọ fi ẹjọ́ sun ní àgọ́ ọlọ́pàá. Tether lè ti owó tó wà ní àdírẹ́sì kan pa, bí olè kò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀. Bí dátà oníbàárà bá jò síta, tó sì lè kó wọn sí ewu, òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ní kí àjọ NDPC, tó ń bójú tó ààbò dátà, gbọ́ láàárín wákàtí 72.

Ẹ kọ ohun tí ẹ máa sọ fún àwọn oníbàárà sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, ní Yorùbá tí ìyá tó wà ní Balógun á gbọ́: ohun tó ṣẹlẹ̀, iye tó kàn án, ohun tí kò gbọdọ̀ tẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, àti nọ́ńbà tó lè pè. Kí ẹnì kan wà nídìí nọ́ńbà náà tọ̀sán-tòru.